Aró, Ọpọlọ àti Ògiri Tó Lanu

Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ ìtàn ìkòkò aró rí. Nígbà tí ọ̀dá omi lé Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé-Ọ̀mu nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn wá. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó ni igi kan wó lu odò, ni ohùn kan bá dún láti ìsàlẹ̀ ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Bí ìtàn ti sọ ọ́ nìyẹn, aró sì di àmì ìdánimọ̀ ìlú náà títí tí a fi ń pe Òṣogbo ní ìlú aró. Inú aró ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí náà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Jámánì ni aró ọ̀hún wà. Ọpọlọ ni ìtàn náà dá lé, pàápàá ọpọlọ àwọn bàbá àti ìyá wa tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn, tí wọ́n sì ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí ìparí rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́míkà ṣe aró oríṣiríṣi tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí. Oníṣègùn ọ̀dọ́ kan, Paul Ehrlich, rí i pé aró wọ̀nyí wúlò ju aṣọ lọ. Yóò gún wọn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, lẹ́yìn náà yóò la ẹranko náà wò kí ó lè mọ ibi tí aró dé. Ní 1885 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí. Àwọn ẹ̀yà ara tó kù ti pa àwọ̀ dà, ọpọlọ nìkan ló funfun kalẹ̀ bí ẹni pé aró kò gba ibẹ̀ kọjá. Ehrlich rò ó, ó ní irú ohun tí a fi mọ ọpọlọ ni kò bá aró rẹ́.

Ká ní ìyá aláró kan láti Òṣogbo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó bi í ní ìbéèrè kan sí i. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ohun méjì ló lè mú kí aṣọ má mu aró. Ó lè jẹ́ pé irú òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà ni kò gbà á. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti fi nǹkan bò ó. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè, tí wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́, ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, wọn a ri aṣọ bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi dúdú bó ṣe yẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ bá sán kí aṣọ tó wọ inú ìkòkò, aró yóò gba ojú ibi tó sán wọlé, yóò sì fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò yà síbẹ̀. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ẹ̀kọ tó sán yìí sọ́kàn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Ehrlich mú, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ní 1900, Max Lewandowsky ní ìlú Berlin kọ̀wé pé kẹ́míkà kan wà tí kò ṣe ẹranko ní nǹkan kan bí a bá gún un sínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dá gìrì sílẹ̀ bí a bá fi sínú ọpọlọ gan-an. Ó ní ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló ń yan ohun tí yóò kọjá. Ọmọ iṣẹ́ Ehrlich fúnra rẹ̀ ló wá tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Edwin Goldmann gún aró búlúù kan tí wọ́n ń pè ní trypan blue sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn èyí, ó yí ìdánwò náà po. Ní 1913, inú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká ló fi aró sí. Lọ́tẹ̀ yìí ọpọlọ di búlúù, ara yòókù kò sì mu aró. Aṣọ náà ń mu aró dáadáa. Ẹ̀kọ ló bò ó. Ọdún yẹn kan náà ni Goldmann kú.

Obìnrin ló sọ ohun náà lórúkọ. Lina Stern, ọmọ Júù tí wọ́n bí sí abẹ́ ìjọba ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1878, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Geneva. Ní 1921, òun àti Raymond Gautier lo orúkọ kan lédè Faransé tí ó túmọ̀ sí odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Ó padà sí Moscow ní 1925, wọ́n sì fi í ṣe obìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àgbà ilẹ̀ Soviet ní 1939. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá Stalin mú un pẹ̀lú àwọn Júù mìíràn lórí ẹ̀sùn tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ yóò fi jáde ní 1952, wọ́n pa àwọn tó kù, wọ́n sì lé òun nìkan lọ sí ìgbèkùn. Ó padà dé lẹ́yìn ikú Stalin, ó sì tún ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1968. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí jìnnà sí Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yẹ kó parẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé òun ló fún un lórúkọ.

Odi yẹn náà ni mo fẹ́ máa pè é. Ẹni tó bá mọ ìtàn Iléṣà mọ ohun tí odi ìlú jẹ́: kì í ṣe ọgbà tí kò ní ẹnu-ọ̀nà. Bodè wà, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń wo ojú ẹni tó ń wọlé àti ẹrù tó rù. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi yóò pa ará ìlú. Bákan náà ni ti ọpọlọ. Ó nílò ṣúgà àti afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú, odi náà sì ń jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ìdọ̀tí inú ọpọlọ gbọ́dọ̀ jáde, odi náà ń jẹ́ kó jáde. Àwọn tí kò gbà láyè ni kòkòrò, májèlé àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe ara yòókù ní àǹfààní àmọ́ tó jẹ́ oró fún ọpọlọ.

Ibi tí odi náà wà gan-an kò hàn kedere títí di 1967. Ní ọdún náà, Thomas Reese àti Morris Karnovsky ní Yunifásítì Harvard fi ẹ̀rọ awò-ohun-tín-ín-tín tó lágbára jù lọ nígbà náà wo ọpọlọ èkúté. Wọ́n rí i pé kò sí odi kan lọ́tọ̀. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ni odi. Nínú ara yòókù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó para pọ̀ di ògiri iṣan máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Nínú ọpọlọ, wọ́n so mọ́ra wọn pinpin bí ẹni pé wọ́n rán wọn pọ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì oríṣi kejì tún wà tó gbá iṣan náà mọ́ra láti ẹ̀yìn, tó ń mú un dúró. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé bí a bá so gbogbo iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ inú ọpọlọ ènìyàn kan pọ̀, yóò tó nǹkan bíi 600 kìlómítà. Láti Òṣogbo dé Àbújá kò tó bẹ́ẹ̀. Odi tó gùn tó èyí kò lè wà láìsí ibi tí yóò ti rẹ̀ ẹ́ bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń kọ́ nípa odi yìí àti àwọn tó ń tọ́jú àgbà tí ìrántí rẹ̀ ti bàjẹ́ kò rìn pọ̀. Alois Alzheimer sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn rẹ̀, Auguste Deter, ní 1906. Ọmọ ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe arúgbó. Ohun tí Alzheimer rí nínú ọpọlọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ni ìdọ̀tí tó dì káàkiri àti okùn tó lọ́ mọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì. Orí ìdọ̀tí àti okùn yìí ni gbogbo ojú wà fún ọdún tó lé ní 80.

Lọ́dọ̀ tiwa, a ní ọ̀rọ̀ fún un kí Alzheimer tó dáyé. A ní bàbá ń ṣarán. A ní iyè ìyá ti ra. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò burú, nítorí pé wọ́n gbà pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ohun tó burú ni èyí tí a máa ń sọ nígbà tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn láti pè é ní arán. Ìyá arúgbó kan jáde lóru, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ilẹ̀ mọ́ bá a níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an dé, aṣọ ti bọ́ lára rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn èrò pé jọ, wọ́n ní àjẹ́ ni, pé ó ń fò lọ ni ilẹ̀ fi mọ́ bá a. Ẹ̀rọ ayàwòrán orí fóònù ti wá sọ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Àárẹ̀ tó máa ń mú kí àgbà dààmú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ó máa rìn kiri, kí ó máa bọ́ aṣọ, wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn iyè ríra. Òkúta ni àwọn ẹlòmíràn fi ń wò ó sàn.

Àwọn òyìnbó amúnisìn náà ní àṣìṣe tiwọn. Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Ó fi ìrònú wa wé ti òyìnbó tí wọ́n ti gé apá kan iwájú ọpọlọ rẹ̀ kúrò. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, ó sì di ibi tí ayé ti wá ń kọ́ ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí ìbínú kò lè dáhùn: ṣé àgbà Yorùbá a máa ní àrùn Alzheimer bí ti ìlú òyìnbó?

Ẹni tó fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìlú rẹ̀, lábẹ́ àwọn òkè tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pàdé. Ní òdì kejì àwọn òkè kan náà ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà, níbi tí David Morley, dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti tẹ̀ lé àwọn ọmọdé láti ìgbà ìbí wọn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde ni ìyá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń mọ̀ bóyá ọmọ wọn ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tí Morley lò ni kí a má dúró de aláìsàn ní ilé ìwòsàn; kí a tọ ènìyàn lọ sílé, kí a padà lọ, kí a tún padà lọ. Irú ọ̀nà yìí náà ni Ìbàdàn yóò lò fún àwọn arúgbó lẹ́yìn ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ òkú 198 wò ní Ìbàdàn. Wọn kò rí ìdọ̀tí Alzheimer nínú wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àrùn náà kò sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀ṣúntókun kò dúró síbẹ̀. Òun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana dá ìwádìí kan sílẹ̀ ní 1992: àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Indianapolis. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi tọ̀tún tòsì, wọ́n sì tún bi mọ̀lẹ́bí tó mọ àgbà náà. Wọ́n ti kọ́kọ́ dán ìbéèrè náà wò láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Cree ní Kánádà, kí àìmọ̀wé má bàa sọ ọlọ́pọlọ pípé di aláìsàn.

Ẹni tó bá pé ọdún 65 ní 1992, ó pẹ́ tán, 1927 ni wọ́n bí i. Mélòó nínú wọn ló ní ìwé ìbí? Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni àwọn olùwádìí fi ń ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ará Òṣogbo mọ irú ìṣirò yìí: ìyá tó bá ní òun ti ń rìn kí rélùwéè tó dé ní 1907, a mọ iye ọdún tó ti lò, bàbá tí wọ́n bí lọ́dún lùkúlùkú, 1918 nìyẹn. Ìrántí àgbà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ nílò kí wọ́n tó lè wọn ìrántí náà.

Àgbà 2,494 ní Ìbàdàn àti 2,212 ní Indianapolis ni wọ́n bẹ̀ wò nínú ilé wọn. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ọdún tí Ọ̀ṣúntókun kú. Ní Ìbàdàn, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn iyè ríra. Ní Indianapolis, ìdá 4.82 láàárín àwọn tó ń gbé ilé ara wọn, tí ó sì di 8.24 nígbà tí wọ́n fi àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó kún un. Nítorí náà àrùn náà wà lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ àwọn kan lè sọ pé ikú tètè ń pa aláìsàn tiwa ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Adéṣọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Báíyéwù, Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn padà sí ilé kan náà lẹ́yìn ọdún méjì àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti ka àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ìwé wọn jáde ní 2001. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìbàdàn ni àìsàn náà ń mú, ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ìwé náà mì àwùjọ àwọn onímọ̀ tìtì, nítorí pé èèyàn tí baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ni ìhà méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ti rí jíìnì kan tó so mọ́ àrùn Alzheimer. APOE ni orúkọ rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀. Lọ́wọ́ ìyá la ti ń jogún ọ̀kan, lọ́wọ́ bàbá la ti ń jogún èkejì. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá jogún oríṣi kẹrin, APOE4, láti ọ̀dọ̀ òbí kan wà nínú ewu ìlọ́po bíi mẹ́ta. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ òbí méjèèjì, ewu tirẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Ìdíkàn wò, APOE4 pọ̀ lára wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwọn ará Indianapolis. Ṣùgbọ́n kò fa àrùn náà fún wọn bó ti ń fà á fún àwọn mìíràn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2006 kò rí ìsopọ̀ kankan. Nígbà tí ọdún gun orí ọdún tí iye aláìsàn pọ̀ sí i, ìwé 2014 wá sọ pé ẹni tó jogún méjì nìkan ni ewu wà fún, ẹni tó jogún ọ̀kan kò sí nínú rẹ̀.

Lásìkò yìí ni odi Lina Stern tún wọ inú ìtàn. Ẹ̀rọ MRI ti jẹ́ kí a lè wo ọpọlọ alààyè. Wọ́n máa ń fi oògùn kan tó ń hàn lójú ẹ̀rọ sínú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì máa wò ó bóyá yóò jò sínú ọpọlọ. Ẹ kíyè sí i pé ọgbọ́n Ehrlich náà ni, aró rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ní 2015, ẹgbẹ́ Berislav Zlokovic ní Yunifásítì Southern California ní Los Angeles fi hàn pé bí ènìyàn ti ń dàgbà ni odi náà ń jò, pé hippocampus, ibi tí ọpọlọ ti ń di ìrántí tuntun mú, ni jíjò náà ti hàn jù, ó sì pọ̀ sí i lára ẹni tí ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ní 2019 wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé jíjò yìí máa ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ ìgbàgbé, àní lára ẹni tí kò ní ìdọ̀tí àti okùn Alzheimer tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní 2020, wọ́n fi jíìnì kún un: odi àwọn tó ní APOE4 ń jò ju ti ẹlòmíràn lọ, kódà nígbà tí ìrántí wọn ṣì pé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Aláǹgbá tibí yìí ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá irú èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fi ara gbọgbẹ́. Bó bá dé inú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ yóò dìde ogun sí i, ogun náà a sì máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ìrántí jẹ́. Ẹ rántí ẹ̀kọ tó sán lára àdìrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbá iṣan mọ́ra láti ẹ̀yìn ń kú, ìsopọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì ògiri ń tú, oníbodè ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó jáde kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé ìdọ̀tí ló ń ba odi jẹ́, kì í ṣe pé odi tó bàjẹ́ ló ń kó ìdọ̀tí jọ. Lójú tèmi, kò dà bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ilé tí òjò ń pa, tí ikán sì ń jẹ, àwọn méjèèjì ló ń wó o.

Bí APOE4 bá ń tú odi ká, kí ló dáàbò bo àgbà Ìdíkàn tó ní i? Àwọn olùwádìí mú ìdáhùn tó ju ọ̀kan lọ wá. Ní 2018, ẹgbẹ́ kan tí Yunifásítì Miami ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé bí APOE4 bá bá àbùdá tó yí i ká wá láti Áfíríkà, ewu rẹ̀ kéré sí èyí tó bá ti Yúróòpù wá. Ìyẹn nìkan kò sì tó, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà, ilẹ̀ wa ni jíìnì ọ̀hún ti wá, síbẹ̀ àìsàn náà mú wọn ju ará Ìbàdàn lọ. Ohun tó kù ni ìgbésí ayé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Ìdíkàn kéré sí ti Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń rìn. Nínú Ìdíkàn gan-an, ìwé tí Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 2011 sọ pé àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àìsàn iyè ríra mú jù.

Èyí ló yẹ kó kan ará Òṣogbo àti ará Iléṣà gbọ̀ngbọ̀n, ju ìyangàn pé iye tiwa kéré lọ. Àwọn àgbà tí wọ́n kà ní 1992 jẹ́ ìran tó fi ẹsẹ̀ rin oko, tó jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́, tí kò mọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti nuúdù. Ìran tó ń di àgbà báyìí kọ́ nìyẹn. Ìran tí ọ̀kadà ń gbé láti ẹnu ilé dé ẹnu ọjà ni wá, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń lù lójoojúmọ́ sì ni odi ọpọlọ wa. Ohun tí ń fa rọpárọsẹ̀ náà ló ń mú kí odi sán. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní Wesley Guild ní Iléṣà, ó wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN ní Òṣogbo, ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníkẹ́mísìtì. A kò lè pààrọ̀ jíìnì tí òbí fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé mú wálẹ̀, oògùn rẹ̀ kò sì tíì wọ́n tó ohun tí à ń ná sí òkú àgbà.

Ní ti oògùn àrùn náà fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab ní 2023. Ó ń kó ìdọ̀tí kúrò nínú ọpọlọ, ó sì ń dín ìyára àìsàn kù díẹ̀; kì í wò ó sàn. Aláìsàn 1,795 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò ńlá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀ nínú wọn. Ewu tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ jò sínú rẹ̀, àwọn tó jogún APOE4 méjì ni èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Odi náà la tún padà bá. Ẹni tí yóò fún àgbà Yorùbá ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí APOE4 ń ṣe lára àgbà Yorùbá, ìwọ̀nba ìwé tó lè sọ ọ́ fún un sì ni àwọn tó ti Ìdíkàn jáde.

Iṣẹ́ náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Rufus Akínyẹmí ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ olùwádìí láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà, Benin àti Gánà wà nínú wọn. Àgbà 5,000 ni wọ́n ń wá láti yẹ àbùdá àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọn tí iyè wọn ti ra àti àwọn tí iyè wọn ṣì pé.